Orúkọ Ẹbùn Tí O Ní Kí N Pa Rẹ́

Ìlútítun,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ.

Ọmọ́wùmí, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ tíṣà tuntun náà ń lọ déédéé? Ṣé àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ń gbọ́rọ̀ sí ọ lẹ́nu? Bàbá rẹ kí ọ. Àǹtí rẹ Ẹbùn kí ọ gidigidi. Òun ló bá mi lọ ra ìwé tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, kò sì mọ ohun tó wà nínú èyí tí o kọ sí mi. Mo ti ká a, mo fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí mi. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun lọ́jọ́ tí lẹ́tà náà dé. Púpurú ẹ̀gẹ́ tí mo rò sílẹ̀, bàbá rẹ ló jẹ ẹ́ tán, ó wá bi mí bóyá ara mi kò yá ni. Mo ní ara mi yá, ọmọ mi ni ara rẹ̀ kò yá.

Ohun tí o kọ nìyí: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ orúkọ Àǹtí Ẹbùn kúrò nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn. Bí ìgbéyàwó bá ti kọjá, ẹ lè dá a padà. Ìyá Akin ní ènìyàn ní Ìlútítun, ẹ̀yin náà sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ìwádìí." Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí ìwé náà sẹ́yìn wò bóyá o kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀ láti fi tọrọ àforíjì. N kò rí nǹkan kan. Ẹ lè dá a padà! Ṣé aṣọ tí a sá sórí okùn ni orúkọ ènìyàn, tí a ó ká wọlé nígbà tí òjò bá ṣú, tí a ó tún lọ sá nígbà tí oòrùn bá là?

O mọ ohun tí ìwé náà wà fún, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó jọ pé afẹ́fẹ́ Ọ̀wọ̀ ti gbé e kúrò lórí rẹ. Nọ́ọ̀sì àwọn alárùn ọpọlọ tó máa ń gun alùpùpù wá síbí ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ìjọba ti dá a dúró. Wọ́n ní owó kò tó, wọ́n ní ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lọ́nà jíjìn. A pariwo, a bẹ̀bẹ̀, wọn kò gbọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní tí a bá lè kọ orúkọ àwọn aláìsàn náà gan-an, pẹ̀lú orúkọ ilé wọn àti irú àìsàn tó ń ṣe wọ́n, àwọn yóò tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kátíkíìsì wa yóò gbé ìwé náà lọ sí Ìbàdàn. Orúkọ Ẹbùn ló wà lókè pátápátá. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Kò tíì sí ìgbà kan tí mo jókòó kọ lẹ́tà gígùn sí ọ. Mo rò pé bí mo bá máa kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ni yóò wà nínú rẹ̀: bí a ṣe ń jí kí ìyá ọkọ, bí a ṣe ń ṣọ́ ẹnu. Ó wà níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n o ti da ọ̀rọ̀ mi rú, nítorí náà bí ó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni màá ṣe kọ ọ́. Gbé ìwé àwọn ọmọ tí o ń máàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o fi ara balẹ̀ kà á.

Ìkíní. Má ṣe fún àìsàn ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

O wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí nǹkan Ẹbùn bẹ̀rẹ̀, a kò sì sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ìdí ààrò ni ó wà, níbi tó ti ń yan púpurú rẹ̀, ló bá ní òun ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú iná. A rò pé ó ń ṣe àwàdà ni, o mọ ẹnu rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin tí kò sùn, ó kó gbogbo púpurú tó ti yan, ó dà á sódò, ó ní wọ́n sọ fún òun pé májèlé ni. Ọkọ rẹ̀ dá a padà sílé wa pẹ̀lú àpótí aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dúró mu omi. A gbàdúrà, a gbààwẹ̀, a fi okùn so ó mọ́ òpó nígbà tí kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe. Wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Kò ṣe é ní lábùúrò náà.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ti ń wá sí dìspẹ́ńsárì wa. Láwàní ni orúkọ rẹ̀, ọmọdékùnrin ni lójú mi, ó sì ní sùúrù bí ẹni tó ti bímọ mẹ́wàá. A tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà tó kàn wá, ó ṣí ìwé rẹ́jísítà rẹ̀, ó bèèrè orúkọ, mo dárúkọ. Ó bèèrè ohun tó ń ṣe é. Mo wẹ̀yìn. Àwọn tí a jọ ń nájà ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn na etí. Mo tẹ̀ síwájú, mo sọ ọ́ sí i létí pé, "Ẹ bá mi kọ orí fífọ́."

Ó wo ojú mi. Ó ní, "Màmá, orí fífọ́ kì í da oúnjẹ sódò."

Mo ní, "Ẹ ṣàánú mi. Mo ní ọmọbìnrin kan tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọkọ ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ."

Ó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó kọ orí fífọ́. Ìwọ ni ọmọbìnrin náà, Ọmọ́wùmí. Ohun tí o ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe fún ọ lónìí, mo ti ṣe é fún ọ rí, o kò tilẹ̀ ní kí n ṣe é. Nítorí náà má rò pé mi ò mọ bó ṣe ń ṣe ọ́.

Ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn mi gbọ́. Nígbà tó kàn án, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, kọ ti ọma mi náà bẹ́ẹ̀ o." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọjà mẹ́ta tó kọjá, gbogbo Ìlútítun ni orí ń fọ́. Àwọn tí wọ́n rò pé orí fífọ́ ti pọ̀ jù ní kí wọ́n kọ ibà sí tàwọn. Ọkùnrin kan mú àbúrò rẹ̀ wá, ojú okùn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ọmọ náà, ó ní inú ló ń run ún. Nọ́ọ̀sì Láwàní bá wa jà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ń kọ irọ́ wa sínú ìwé, ó sì ń fún wa ní oògùn tó tọ́. Oògùn náà sì ṣiṣẹ́. Ẹbùn sùn. Ó jí, ó ní ebi ń pa òun. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ti padà sí ìdí ààrò rẹ̀, ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bí mo ṣe ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì rò pé mo gbọ́n. Òmùgọ̀ ni mí.

Ìkejì. Bí o bá máa bẹ̀bẹ̀, orúkọ ara rẹ ni kí o fi bẹ̀bẹ̀. Má bẹ̀bẹ̀ fún "àwọn ẹlòmíràn".

Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ dá nọ́ọ̀sì náà dúró, èmi ni mo kó àwọn ìyá ìjọ jọ. Èmi náà ni mo wá lọ́ọ̀rì. A wọ aṣọ funfun, a kọrin láti ibí dé Òkìtìpupa, Ẹbùn ló ń dá orin fún wa nítorí ohùn rẹ̀ ló já gaara jù. Nígbà tí a dé ilé káńsù, ó dúró níta létí fèrèsé láti ṣọ́ ẹrù wa. Àwa yòókù wọlé.

Ọ̀gá kan láti Ìbàdàn ló jókòó síbẹ̀, ó wọ awò ojú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde kí wa, ó pè wá ní ìyá òun. Ìwé rẹ́jísítà nọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: "Orí fífọ́. Orí fífọ́. Ibà. Orí fífọ́. Inú rírun. Orí fífọ́." Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ṣé dìspẹ́ńsárì yín kò ní oògùn orí fífọ́ ni, tí ìjọba fi ń rán nọ́ọ̀sì àwọn alárùn ọpọlọ sí yín?"

Mo ní, "Ọ̀gá, àwọn alárùn ọpọlọ wà níbẹ̀."

Ó ní, "Níbo? N kò rí ẹyọ kan nínú ìwé yìí. Ta ni nínú yín tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé?"

Ọmọ mi, àwọn obìnrin tí a jọ ń tò fún abẹ́rẹ́ láràárọ̀ ọjọ́ ọjà, gbogbo wọn ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù síbẹ̀. Ọ̀gá náà yíjú sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ni ẹ ṣáájú wọn wá. Ṣé ẹ̀yin ní?"

Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Nítorí àwọn ẹlòmíràn la ṣe wá."

Gbogbo wọn gbè é lẹ́yìn mi, bí ẹni ń gbe orin: "Nítorí àwọn ẹlòmíràn ni o!" Lọ́ọ̀rì kún fọ́fọ́, kò sí ẹnì kan nínú rẹ̀ tó wá fún ara rẹ̀. Ọ̀gá náà pa ìwé dé. Ó ní òun yóò jíṣẹ́ wa. Ó jíṣẹ́ náà lóòótọ́, ó jẹ́ ẹ bí a ṣe rán an.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ẹgbẹ́ mi ni Ẹbùn jókòó sí. Kò dá orin kankan. A ti ń sún mọ́ ilé kí ó tó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni ẹlòmíràn yẹn?"

Mo ní kó dákẹ́, pé ènìyàn wà nínú lọ́ọ̀rì. Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá rántí, ojú ń tì mí lójú ara mi.

Nọ́ọ̀sì kò wá mọ́. Oògùn tó kù nílé, a ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ kó lè pẹ́, ó sì tán bákan náà. Ẹbùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn ènìyàn inú iná rẹ̀. Bàbá rẹ ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ọ̀hún, a sì ń palẹ̀mọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó jáde nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí a kò rí i mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi wá a. A dé etí omi, a dé ọjà gbogbo. Ìlú Ìyánsàn la ti rí i, nínú ahéré oko olóko, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú, àwọn ọmọdé ti sọ ọ́ ní òkò títí orí rẹ̀ fi bẹ́. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí ń fọ́ mi." Lóòótọ́ ni orí ń fọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

A gbé e lọ sí ibi jíjìn náà. Ó pẹ́ níbẹ̀, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa lọ gba oògùn níbẹ̀ lóṣooṣù? Bàbá rẹ ti lọ ní ìgbà mẹ́ta, iṣẹ́ oko rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Àwọn tí kò ní ẹni tó lè lọ bẹ́ẹ̀, okùn ni wọ́n ti padà sí. Ọmọ tí wọ́n ní inú ń run nísàlẹ̀ àdúgbò wa, mo ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí yìí. Nítorí èyí la ṣe tún dìde, nítorí èyí sì ni ìwé tí o fẹ́ kí n bà jẹ́ ṣe wà.

Jẹ́ kí n sọ bí ìwé náà ṣe rí, nítorí o rò pé bí mo bá pa orúkọ kan rẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò dín. Mo kọ́kọ́ ń gbé e kiri láti ilé dé ilé. Gbogbo ilé tí mo dé, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ẹ kọ tiyín ná, Ìyá Ọmọ́wùmí, a ó wá wò ó." Bí mo bá ti jáde, wọn a ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, mo gbé tábìlì síwájú gbogbo obìnrin ìjọ, mo kọ orúkọ Ẹbùn. Mo fẹ́ kọ "àárẹ̀ ọkàn" síwájú rẹ̀, ìyẹn ṣì jẹ́ irọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ pa. Ẹbùn dìde níbi tó jókòó sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ àrùn ọpọlọ. Bí ẹ bá kọ nǹkan mìíràn, oògùn nǹkan mìíràn ni wọn yóò kó wá." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà tó tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́sí sún mọ́ tábìlì, ó ní òun fẹ́ tẹ̀ka. Wọ́n tò tẹ̀ lé e.

Ṣé o ti rí i báyìí? Orúkọ tó wà lókè ni wọ́n ń wò. Bí mo bá pa á rẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó ṣú, wọn yóò ti wá kó tiwọn kúrò níkọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní jẹ̀bi. Wọn yóò ní Ìyá Ọmọ́wùmí ló kọ́ àwọn. Òótọ́ ni wọn yóò sì sọ, nítorí ó di ìgbà kejì nìyẹn.

N kò rántí èwo ló kàn mọ́, ìkẹta ni àbí ìkẹrin. Ti ọkọ rẹ ni.

O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé Akin kò mọ̀, nítorí pé Akin kò bèèrè. Akin kò bèèrè! Ọmọ́wùmí, ìgbà wo ni ọkùnrin ń bèèrè nǹkan kan? Bàbá rẹ kò bèèrè ibi tí iyọ̀ wà láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ó sì ń jẹ iyọ̀ lójoojúmọ́. Má dúró de ìgbà tí ìyá rẹ̀ yóò sọ fún un, tàbí ìgbà tí ẹ bá bímọ tí ọmọ náà bá sunkún jù, tí wọn yóò máa wo ojú ara wọn. Bí ọkùnrin kan bá máa sá, jẹ́ kí ó sá nísinsìnyí tí kò tíì sí nǹkan nílẹ̀. N kò ní kí o máa fẹ́ kí ó sá o. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì jẹ púpurú Ẹbùn ní ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tó wá, láìjẹ́ pé wọ́n rọ̀ ọ́.

Ìyá Akin náà kò ṣẹ̀ bí ó bá ṣe ìwádìí. Èmi náà ṣe é lórí ilé tiwọn, tí o kò bá mọ̀. Tí o bá dé ilé rẹ̀, jí ṣáájú rẹ̀, má ṣe dá sí ìjà òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, má sì ṣe sọ pé bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe ọbẹ̀ ló dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe wọ ilé rẹ̀ pẹ̀lú irọ́ tí o ní láti máa ṣọ́. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun. Mo ti ṣọ́ irọ́ kan fún ọdún tó tó ọjọ́ orí rẹ, mo sì mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń lọ́ra láti dé gan-an nìyí. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Títí di àìpẹ́ yìí, bàbá rẹ àti Ẹbùn nìkan ló mọ̀, àwọn àgbà ìdílé tó mọ̀ ọ́n sì ti kú tán.

Nígbà tí mo bí ọ, ó di ọjọ́ kẹfà, orí mi dàrú. Àwọn àgbà ní abísínwín ni. Mo ní ọmọ tí wọ́n gbé fún mi kì í ṣe ọmọ mi, mo ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ síta lójú fèrèsé. Èmi, ìyá rẹ. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan nígbà náà, kò sí abẹ́rẹ́, okùn ló wà. Wọ́n so mí lọ́wọ́, wọ́n so mí lẹ́sẹ̀, mo sì wà bẹ́ẹ̀ ju oṣù kan lọ. Gbogbo ènìyàn bẹ̀rù mi. Ẹbùn nìkan ni kò bẹ̀rù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Òun ló ń gbé ọ wọlé tọ̀ mí, tó ń gbé ẹnu rẹ sí ọmú mi, tó ń dì ọ́ mú títí tí o fi máa yó, nítorí ọwọ́ mi wà nínú okùn. Mo ń ṣépè fún un, mo ń tutọ́ sí i lójú. Á fi ejìká nu ojú rẹ̀, kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bí o ṣe wà láàyè nìyẹn. Ọwọ́ àǹtí tí o ní kí n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ ni o wà nígbà tí ọwọ́ ìyá rẹ kò ṣe é gbára lé.

N kò kọ ọ́ láti fi dá ọ lóró. Tàbí bóyá mo fẹ́ kó dùn ọ́ díẹ̀, inú ṣì ń bí mi. O kò bèèrè orúkọ kejì tó wà nínú ìwé náà, nítorí ẹni tó sọ ti Ẹbùn fún ọ kò gbójúgbóyà láti sọ ọ́. Orúkọ mi ni. Lọ́jọ́ tábìlì yẹn, kí ìyá àgbà tó tẹ̀ka, mo kọ abísínwín síwájú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé ara mi ti yá.

Nígbà tí mo ti ronú dé ibẹ̀, mo rí i pé kò yẹ kí Ìyá Akin gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà. Lánàá, mo sọ fún Ẹbùn pé mo ń lọ bá a ní Òde-Ìrèlè, mo sì sọ ohun tí mo ń lọ sọ. N kò sọ fún un pé ìwọ kọ lẹ́tà. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó ní òun ń bá mi lọ, pé òun kò ní í wà létí fèrèsé lọ́tẹ̀ yìí.

A bá Ìyá Akin níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó fún wa lómi, ó fún wa ní àpótí jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti Ẹbùn àti tèmi. Ẹbùn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àwọn oògùn tó ń lò àti ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí wọn lò. Obìnrin náà ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé mo ti ba ti ọmọ mi jẹ́.

Nígbà tó ṣe, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn, ó padà wá jókòó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì yẹn, bó bá padà wá, ṣé àwọn ará Ìlútítun nìkan ni yóò máa wò?"

Mo ní, "Rárá o. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ni."

Ó wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn náà. Ó ní, "Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ orúkọ síbẹ̀, ṣé dandan ni kí ó kọ orúkọ ilé?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, Ọmọ́wùmí. Ó kù díẹ̀ kí n ní kì í ṣe dandan. Mo wo Ẹbùn, mo ní, "Dandan ni, Màmá."

Ó mi orí. Ó ní kí a fún òun di ọjọ́ Ìsinmi. N kò bi í léèrè ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ìwọ náà má sì ṣe bi Akin. Jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa ìgbéyàwó, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní kí a má wá mọ́. Ó sìn wá dé ibi tí a ti wọ lọ́ọ̀rì.

Kí Ọlọ́run tó dá ọ sí nígbà náà má fi ọ́ sílẹ̀ níbi tí o ń lọ. N kò yọ orúkọ kankan. N kò mọ̀ bóyá Ìyá Akin yóò kọ tirẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá yóò ṣì fẹ́ ọ fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo sì fi í sílẹ̀ lófìfo dè é.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí inú rẹ̀ ṣì ń bí,
Dọ̀kási.